Ọlọ́dẹ Wo Ni Ẹ Gbà Sínú Kọ̀ǹpútà Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe wàásù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wàásù kò ní ṣàì fẹsẹ̀ kan inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olè ni. Olè yìí kì í fọ́ ilẹ̀kùn, ajá kì í gbó mọ́ ọn, ó sì lè gbé inú ilé yín fún odindi ọdún kan, kí ẹ máa kí ara yín pé ó dàárọ̀ lójú rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé.

Nígbà kan, ọ́físì ìjọba àti bánkì nìkan ni a ti ń rí kọ̀ǹpútà. Nísinsìnyí, ní àdúgbò wa ní Arákálẹ̀ níhìn-ín ní Àkúrẹ́, ẹ ó bá a lórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun. Ọmọ fi ń ka ìwé ìdánwò JAMB, ìyá fi ń ṣírò ọjà tí ó tà, bàbá fi ń wo iye tí ó kù sí bánkì. A kì í fi ilé tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà sílẹ̀ láìní ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n ta ni a gbà ní ọlọ́dẹ? Ibẹ̀ ni èmi gan-an ti ṣìnà, ẹ sì jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Èmi ni mo ń bá mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ṣe ìwé. Ilé kéwú ni mo dàgbà sí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ojú ogójì ọdún ni mo sì tó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú jàmáà wa ni ó fún wa ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tòkunbọ̀, kí n lè máa kọ orúkọ àwọn ìyá Àsàlátù sínú rẹ̀ àti owó tí wọ́n ń dá pamọ́ díẹ̀díẹ̀ fún Iléyá. Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀, mo mú fláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan láti lọ tẹ ìwé ètò tàfúsírì. Nígbà tí mo padà dé, tí mo ti fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, ọfà kékeré kan ti jókòó sí igun gbogbo àpò tí mo kó ìwé sí. Mo tẹ ọ̀kan, ó ṣí, mo ní kò sí ewu.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní shortcut virus ni. Yóò gbé ojúlówó ìwé yín pamọ́ kí ojú má rí i, yóò sì gbé ayédèrú sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ ayédèrú náà, ọwọ́ ara yín ni ẹ fi ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Ó sì lè bá yín ṣí ojúlówó náà lẹ́sẹ̀ kan náà kí ẹ má baà fura.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀, mo ké sí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní ó mọṣẹ́. Ó gba ₦3,000 lọ́wọ́ mi. Ó ní antivirus olówó ńlá ni òun máa fi síbẹ̀, pé òun ti bá mi já àgádágodo rẹ̀, n kò ní san owó ọdọọdún tí àwọn òyìnbó ń gbà. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa ọlọ́dẹ tí ó bá nínú kọ̀ǹpútà náà kí tirẹ̀ tó lè wọlé. Mo pa á. Ẹ ò rí i bí ìwà mi ti rí? Mo lé ọlọ́dẹ tí mo bá nílé jáde nítorí pé àlejò tí n kò mọ baba rẹ̀ ní kí n lé e. Láti ọjọ́ náà ni iná àwọ̀ ewé kan ti ń tàn sí mi lójú lójoojúmọ́ pé gbogbo nǹkan dára, ara mi sì balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìwé kan jáde láti inú í-méèlì mọ́ṣáláṣí wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ àwọn ìyá Àsàlátù, àwọn tí ń bá ìyá wọn fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti Ìbàdàn. Ìwé náà ní a ti pààrọ̀ nọ́ńbà bánkì tí a fi ń gba owó Iléyá. Orúkọ mi ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀fọ́ ni ó kọ́kọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alaasari.

Ó ní, “Alfa, ọmọ mi ti san ₦45,000 tí ẹ ní kó san. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó ti wọlé.”

Mo ní, “Ìyá, owó wo? N kò ránṣẹ́ owó sí ẹnikẹ́ni.”

Ó wò mí. Kò pariwo. Ó ní, “Owó àgbò mi ni o, Alfa,” ó sì jókòó sórí àkàbà mọ́ṣáláṣí. Títí di òní, ìjókòó tí ó jókòó yẹn ni ó ń dùn mí ju ohun gbogbo lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú jàmáà wa ni ó bá wa yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Ó bá kòkòrò fláàṣì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú antivirus tí mo fi ₦3,000 rà ni ó ti bá olè gan-an. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan pásíwọ́ọ̀dù í-méèlì, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Aṣọ ọlọ́dẹ ni olè wọ̀ wọ ilé wa, èmi ni mo sì sanwó aṣọ náà fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn àdúgbò kan lásán ni èyí. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn sì gbajúmọ̀ ni Agent Tesla, tí a ti mọ̀ láti ọdún 2014. Ó ń kọ ohun tí ẹ tẹ̀, ó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín, ó sì ń tú pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti fi pamọ́. Ní oṣù May ọdún 2022, INTERPOL, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, àti EFCC tiwa kéde pé ọwọ́ ti tẹ ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Killer Bee. Agent Tesla ni wọ́n ní àwọn wọ̀nyí fi ń darí owó àwọn ilé-iṣẹ́ gba ọ̀nà ibòmíràn, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní Éṣíà àti Àríwá Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀wọ̀n oṣù 12. Bí ilé-iṣẹ́ epo tí ó ní owó tó bẹ́ẹ̀ bá lè bọ́ sí i, kí ni ti èmi alákọ̀wé mọ́ṣáláṣí?

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí yíyan ọlọ́dẹ wàyí. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu: ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò láti ra nǹkan kan rárá. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń lo Windows 10 tàbí Windows 11 ti ní ọlọ́dẹ nínú nígbà tí ẹ rà á. Microsoft Defender ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì burú bí àwọn ọlọ́jà ti ń sọ. Òun ni ọmọkùnrin yẹn ní kí n pa. Kí ẹ tó náwó lórí òmíràn, ẹ lọ wò ó bóyá ó wà lójúfò. Ẹ tẹ Windows Security sí ibi tí a ti ń wá nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wọ Virus & threat protection. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti pa á tí kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ ti rí ẹsẹ̀ olè nìyẹn.

Ọlọ́dẹ tí kò bá gbọ́ ìròhìn tuntun kò lè mọ olè tuntun. Ìròhìn yìí ni wọ́n ń pè ní update. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti so update pa nítorí kí dátà má baà tán, tí wọ́n sì ń fi dátà kan náà wo eré láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù October 2025, àfi ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lè gba Windows 11, kí ó gbé e lọ sórí rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá lè gbà á, kí ó má ṣe bánkì lórí rẹ̀ mọ́.

Àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n gbọ́n ju ọlọ́dẹ lọ ní ọ̀nà kan: wọ́n ń jí ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, wọ́n ti jókòó kí ọlọ́dẹ tó la ojú, wọn a sì máa fi ọwọ́ bò ó lójú kí ó má baà rí wọn. Fún irú èyí, ohun kan wà nínú Windows Security náà, lábẹ́ Scan options, tí wọ́n ń pè ní Microsoft Defender Offline scan. Bí ẹ bá yàn án, kọ̀ǹpútà yóò pa ara rẹ̀, yóò sì tún tan, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ nìkan ni yóò jí, Windows yóò ṣì wà lójú oorun, kòkòrò náà yóò sì wà lójú oorun pẹ̀lú rẹ̀. Yóò gbà tó bí ìṣẹ́jú 15. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọ́kọ́ ṣe lórí kọ̀ǹpútà mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ki wáyà rẹ̀ mọ́ iná, nítorí ẹ mọ ìwà iná wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ ṣe Full scan, èyí tí í yẹ gbogbo kọ́lọ́fín wò. Wákàtí mélòó kan ni ìyẹn lè gbà. Lẹ́yìn Ìṣáì ni èmi ń fi tèmi sí i.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá ẹlẹ́rìí kejì. Malwarebytes ní èyí tí kò gba owó, ESET náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní Online Scanner. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣọ́ ilé. Ẹ pè wọ́n wá wo ilé ni, wọn a wò ó, wọn a sọ ohun tí wọ́n rí, wọn a lọ. Nítorí náà wọn kì í bá ọlọ́dẹ yín jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ gba ọlọ́dẹ méjì tí wọ́n ń ṣọ́ ilé kan náà lálẹ́ kan náà, ẹ má dán an wò. Olúkúlùkù wọn yóò máa fura sí èkejì, kọ̀ǹpútà yín yóò sì máa wọ́ bí ìgbín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra olówó, kò burú, pàápàá ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò. Ṣùgbọ́n kí ó má gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tí ń tà á. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Magdeburg ní Jámánì tí ń jẹ́ AV-TEST, òmíràn wà ní Innsbruck ní Austria tí ń jẹ́ AV-Comparatives. Iṣẹ́ wọn ni láti máa dán àwọn ọlọ́dẹ wọ̀nyí wò. AV-TEST ń fún wọn ní máàkì 6 lórí bí wọ́n ti ń mú olè, 6 lórí pé wọn kò fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, 6 lórí pé wọn kì í mú aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Ọ̀fẹ́ ni ẹ ó wo èsì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn máàkì kẹta yẹn púpọ̀, nítorí ọlọ́dẹ tí ó bá ń fẹ̀sùn kan ìwé gidi lójoojúmọ́, ẹ kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí olè bá dé ní tòótọ́.

Ẹ sì bi ọlọ́fẹ̀ẹ́ léèrè ohun tí ó ń jẹ. Ní oṣù February ọdún 2024, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ FTC fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ Avast, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo antivirus ọ̀fẹ́ rẹ̀, pé ó ń kó ìròhìn ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tà. Avast gbà láti san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là. N kò sọ pé kí ẹ sá fún ọ̀fẹ́ gbogbo, Defender fúnra rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó tẹ “mo gbà”.

Èyí tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀ ni kí ẹ sá fún bí ẹni sá fún ẹ̀tẹ̀. Ẹnì kan tú ọlọ́dẹ palẹ̀, ó tún un tò padà, ẹ kò sì mọ ohun tí ó fi sínú rẹ̀. Àmì kan wà tí ẹ ó fi dá a mọ̀. Bí ẹ bá fi antivirus tòótọ́ mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, Windows fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún Defender kí ó sún sẹ́yìn. Kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti pa á pẹ̀lú ọwọ́. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa á, ẹ bi í pé kí ni kò fẹ́ kí Defender rí.

Ọ̀rọ̀ jíjà àgádágodo yìí ní ìtàn tí ó kàn wá. Kòkòrò àkọ́kọ́ tí ó tàn ká ayé láàárín kọ̀ǹpútà irú èyí tí à ń lò, ìlú àwa Mùsùlùmí ni ó ti jáde: Lahore ní Pakistan, ní ọdún 1986. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ni wọ́n ṣe é, Brain ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ṣe é nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ tí àwọn ń tà láìsanwó. Wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀ kí ẹni tí ó bá kó o lè pè wọ́n. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹrù tí a kò sanwó rẹ̀ àti kòkòrò ti jọ ń rìn. Èmi náà bi ara mi léèrè lórí ẹní ìrun mi: owó mọ́ṣáláṣí ni mo fi ra ohun tí a jí, kí ni mo wá fẹ́ kí ó ṣọ́ fún mi?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa ni ó kàn jù. Lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ pé mo ti ń mọ nǹkan díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà, bàálé ilé kan wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá òun wá ohun tí òun lè fi sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù ìyàwó òun, tí yóò máa sọ ohun tí ó ń kọ fún òun. Mo ní, “Bàbá, olè tí ó kó owó Àsàlátù ni ẹ ní kí n bá yín pè wá sílé yẹn.” Ohun kan náà ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ antivirus pẹ̀lú ti ń kà á mọ́ kòkòrò báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì da ọwọ́ pọ̀ ní ọdún 2019 láti bá a jà. Gbogbo ẹni tí ó bá ka Súrátu Hujuráàt dé ẹsẹ 12 mọ ohun tí Ọlọ́run wí lórí títọ pinpin ara ẹni. Inú bí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ ronú kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí ẹni tí ó fi síbẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹ ti yọ ọ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ẹni náà, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán ṣáájú, kí ẹ má sì lo ohun kan náà tí ó ń ṣọ́ láti fi sọ ọ́.

Bí ọlọ́dẹ bá mú olè, kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ jẹ́ kí ó tì í mọ́lé, ohun tí wọ́n ń pè ní quarantine nìyẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dá a dúró níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí olè ti ṣe àdàkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó mọ́, kí ẹ sì fi pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù gbogbo. Ti í-méèlì ni kí ó ṣáájú, nítorí òun ni ilẹ̀kùn àwọn yòókù. Bí owó bá ti lọ, ẹ pe bánkì ní wákàtí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ tó pe àwọn ará ilé pàápàá. Àwọn ọlọ́pàá náà ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, National Cybercrime Centre. Àwa pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá kí á tó dé bánkì, ₦45,000 náà sì ti lọ.

Mo ti ń san án padà fún ìyá elẹ́fọ̀ọ́ láti owó tèmi, ₦5,000 lóṣooṣù. Ó ní kí n dá a dúró, n kò gbà. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ ràkúnmí àti okùn, èmi ni mo gbàgbé okùn.

Ní ọjọ́ Sunday tí ń bọ̀, lẹ́yìn Àsàlátù, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn àti èmi yóò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí láti bá ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. A kì í gba owó. Ẹ mú wáyà rẹ̀ dání, a ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì fi fláàṣì yín sílé.